Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ọkàn

Onígbàjámọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti gbé abẹ lé orí ènìyàn, onítọ̀hún ti di ọmọ ìjọ rẹ̀ nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tó lè dìde lọ nígbà tí apá kan orí rẹ̀ bá ti ń dán tí apá kejì ṣì jẹ́ igbó. Ohun tó bá wà lọ́kàn ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn ni yóò máa tú jáde: ọ̀rọ̀ ìjọba, ọ̀rọ̀ bàtà tí kì í tọ́jọ́, ọ̀rọ̀ ìyàwó ọlọ́yàyà àti ìyàwó onírojú. Kò sí ohun tí kò mọ̀. Èyí tí kò bá sì mọ̀, ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n ti sọ fún un.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án, ẹnu rẹ̀ ló jogún. Ọmọ náà ti bá ìyá rẹ̀ rò ó rí pé kí ènìyàn wẹ̀ láàárọ̀ kó tún wẹ̀ lálẹ́, ìyà méjì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan ni. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti ń pè é ní Lọ́yà, tí bàbá rẹ̀ sì di Bàbá Lọ́yà, tí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ alágbàfọ̀ sì di Ìyá Lọ́yà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Lọ́yà ò dìde lórí ẹní.

Yàrá kan ni gbogbo wọn ń gbé. Bàbá àti ìyá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Lọ́yà àti ìyá bàbá rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbà, wà lórí ẹní lẹ́yìn kọ́tìnì. Aṣọ àwọn oníbàárà ló gba ibi tó kù. Ṣẹ́ẹ̀tì wà lókùn, búláòsì wà lókùn, ṣòkòtò olówó ńlá bo fèrèsé kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Ẹni tó bá fẹ́ jáde á kọ́kọ́ fi apá ti apá ẹlòmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó rí ilẹ̀kùn.

“Orúnkún mi ò ká,” Lọ́yà wí.

Bàbá rẹ̀ ń ki búrẹ́dì bọ inú tíì. “Lọ́jọ́ Ẹtì, ọrùn ẹsẹ̀ ni. Lánàá, orúnkún ọ̀tún. Lónìí, tòsì. Ìrora yìí ń kó kiri bí ayálégbé tí gbogbo onílé ń lé.” Ó mu tíì díẹ̀. “Ìbéèrè ìṣirò mélòó ni tíṣà fẹ́ ṣe fún yín lónìí?”

“Ogún.”

“Ó dáa. A ti rí ohun tó ń dun orúnkún.”

Lọ́jọ́ mìíràn, Lọ́yà ì bá ti ní ọ̀nà mẹ́ta tí yóò gbà fọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sí wẹ́wẹ́. Ó kàn kọjú sí ògiri. Bàbá rẹ̀ rò pé òun jàre, ó sì bu búrẹ́dì mìíràn.

“Egungun rẹ̀ ló ń gùn,” Ìyá Àgbà wí láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. “Bí bàbá rẹ̀ náà ṣe ṣe nìyẹn nígbà tó wà lọ́jọ́ orí yìí. Gbogbo oríkèé ló ń dùn ún. Gígùn ló fẹ́ gùn.”

Ìyá Lọ́yà wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ìrìn àjò tí kò jìnnà. Ó ká aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan orúnkún. Ọwọ́ tó ti ń dán áyọ́ọ̀nù wò láti ogún ọdún kì í ṣi ooru mọ̀. Ó yára fa ọwọ́ náà sẹ́yìn.

“Orúnkún yìí gbóná. Ó sì wú. Ẹ wá wò ó.”

“Mo ti rí i láti ibí,” ọkọ rẹ̀ wí.

“Ibi tẹ́ ẹ wà yẹn, kọ́tìnì lẹ rí.” Ó bo ọmọ padà. “Bàbá Lọ́yà, fọ́ọ̀mù tí wọ́n mú wá láti ilé-ìwé nígbà tí ọ̀fun ń dùn ún, èyí tẹ́ ẹ ní ẹ fọwọ́ sí, kí ni wọ́n ti wí nípa ẹ̀?”

Onígbàjámọ̀ ti gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. “Mo ṣáà ti ní mo fọwọ́ sí i.”

Ẹni tó bá létí á gbọ́ pé ọkùnrin náà ò sọ pé òun fọwọ́ sí i. Ó sọ pé òun ti ní òun fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n omi ti ń hó lórí ààrò níta, aṣọ àwọn oníbàárà sì pọ̀ nílẹ̀.

“Bí oòrùn bá kan àtàrí tí kò sàn,” Ìyá Lọ́yà wí, “mò ń gbé e lọ ilé-ìwòsàn.”

“Nítorí orúnkún,” ọkọ rẹ̀ wí, ó sì fi apá ti apá ṣẹ́ẹ̀tì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jáde.

*

Oníbàtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ jókòó lórí àga lọ́jọ́ náà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó kéré sí onígbàjámọ̀ lọ́jọ́ orí díẹ̀, ìṣó ló sì máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ níbi iṣẹ́, bóyá ìyẹn ló kọ́ ọ láti má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn méjì tó ń dúró de ìpín wọn wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà.

Bí kílípà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún ni ìwàásù bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ni. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ti ń ta dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Àwọn elétò ìlera fẹ́ máa wá sí ilé-ìwé ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọn á ní kí ọmọ tí ọ̀fun bá ń dùn yanu, wọn á fi òwú nu ọ̀fun rẹ̀, wọn á mọ irú kòkòrò tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tó burú, wọn á fún un ní abẹ́rẹ́ ẹyọ kan, tàbí oògùn ọjọ́ mẹ́wàá. Òbí ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọ̀fẹ́ ni.

“Ohun tó bá ti jẹ́ ọ̀fẹ́,” onígbàjámọ̀ wí, ó gbé kílípà sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́, “ẹ bi í léèrè ẹni tó san án.”

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì mi orí. Wọ́n ti gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà dùn, ó ṣeé mú lọ sílé.

“Bàbá mi ní ọ̀fun. Bàbá bàbá mi ní ọ̀fun. Ta ló ní kí wọ́n yanu? Omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, wọ́n sì kú lágbà.” Ó tẹ orí oníbàtà sílẹ̀. “Èyí tó wà lábẹ́ ọwọ́ mi yìí ló gbà fún wọn. Ọ̀fun ló ń dun ọmọ rẹ̀, ìdí ni wọ́n gún. Ẹ ti rí ọ̀nà tó gba ìdí lọ sí ọ̀fun rí?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Oníbàtà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí pé kílípà wà lórí rẹ̀.

“Ó gba abẹ́rẹ́, ó sunkún, ó jẹ ìrẹsì,” oníbàtà wí. “Ó tán síbẹ̀.” Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní: “Mi ò rí Lọ́yà kó kọjá láàárọ̀ yìí. Kò wá sọ fún mi pé bàtà mi ò dọ́gba.”

“Ó wà nílé. Ó ní orúnkún ń dun òun. Ìṣirò ni.”

Oníbàtà gbójú sókè, ó wò ó nínú dígí. “Orúnkún?”

“Lónìí. Ọrùn ẹsẹ̀ ni lọ́jọ́ Ẹtì.”

“Ṣé ọ̀fun kọ́ ló ń dùn ún tẹ́lẹ̀?”

Onígbàjámọ̀ tẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ padà.

“Nọ́ọ̀sì sọ nǹkan kan nípa orúnkún lọ́jọ́ ìpàdé àwọn òbí,” oníbàtà wí.

“Kí ló sọ?”

“Ẹ ò wá. Ẹ ní ẹ ò ráyè gbọ́ ìsọkúsọ.”

Kílípà ń dún. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń wo ìta bí ẹni pé ohun kan ń kọjá lọ níbẹ̀. Ohun tó wá kọjá, tó sì yà wọlé, ni Ìyá Ìbejì, tí yàrá rẹ̀ fara kan ti Lọ́yà. Gèlè rẹ̀ ti tú, ó ti sáré.

“Bàbá Lọ́yà, ìyàwó yín ní kí ẹ máa bọ̀. Ìgúnpá ọmọ náà ti wú. Bó bá mí, ó dà bíi pé òkè ló ń gùn.”

“Kí ni Lọ́yà fúnra ẹ̀ sọ?”

“Kò sọ nǹkan kan. Mo bi í bó ṣe ń ṣe é, ó kàn wò mí.”

Bí wọ́n bá ní ọmọ náà ń ké, bóyá onígbàjámọ̀ ì bá ṣì rí ọ̀rọ̀ sọ. Pé Lọ́yà dákẹ́, ìyẹn ló dẹ́rù bà á. Ó pa kílípà, ó fi oníbàtà sílẹ̀ pẹ̀lú orí àbọ̀, ó sì sáré jáde. Aṣọ ìfárí ṣì wà léjìká rẹ̀.

*

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ti wọ ọmọ láṣọ. Lórí tábìlì tí wọ́n fi ń lọṣọ, ìwé kan tẹ́ sílẹ̀, ó ti rọ̀, ó ti hunjọ, etí rẹ̀ ti já. Inú ṣòkòtò onígbàjámọ̀ ni ìwé náà wà tí ṣòkòtò fi wọ inú omi ọṣẹ. Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ti ṣàn pọ̀, ṣùgbọ́n ojú ìlà ìfọwọ́sí tó wà nísàlẹ̀ kò ní àbàwọ́n kankan. Funfun báláú.

“Ẹ ní ẹ fọwọ́ sí i,” Ìyá Lọ́yà wí.

“Ṣé o rí i, omi ti…”

“Omi ò lè fọ ohun tí a ò kọ.”

Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí ìwé náà. “Ohun tí mo rò ni pé…”

“Kò sẹ́ni tó bi yín lérò. Ọwọ́ yín ni wọ́n béèrè.” Ohùn obìnrin náà ò ga. Ó ká ìwé náà jẹ́jẹ́, bó ṣe ń ká aṣọ oníbàárà, ó fi sápò. “Ọmọ yìí ń sọ fún wa láti ọjọ́ Ẹtì. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ń lọṣọ aláṣọ.”

“Èmi náà ní egungun ló ń gùn,” Ìyá Àgbà wí. Ó fi ògiri ti ara rẹ̀ dìde. Ó wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. “Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti kékeré rẹ ni mo ti ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọmọ ná. Ìjà ò lẹ́sẹ̀, yóò dúró dè yín nílé.”

Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Ilé-ìwòsàn ò jìnnà, ó kọjá ọ̀gbà ilé-ìwé díẹ̀. Ó ti pọn ọmọ náà báyìí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, nígbà tí ọmọ náà ń fi etí rẹ̀ méjèèjì darí rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí orí rẹ̀ kàn sùn sí i léjìká, ara rẹ̀ ń jó bí ìkòkò. Ohun tó sì mú kí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lẹ́ẹ̀mejì ni pé ó ń gbọ́ ọkàn ọmọ náà lẹ́yìn ara rẹ̀. Kò ní ibi tó ń sáré lọ, kò sì dúró. Ó ń lù ú lẹ́yìn, kíákíá, kíákíá, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí wọ́n ò ṣí fún.

Ìyá Lọ́yà ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó di ẹsẹ̀ ọmọ mú kó má baà máa mì. Àwọn tó mọ onígbàjámọ̀ lójú ọ̀nà kí i, wọ́n sì yà á lẹ́nu pé ó kàn mi orí.

*

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n, òun náà ló máa ń lọ ilé-ìwé pẹ̀lú àpótí òwú. Obìnrin kan tí kì í pariwo ni, ojú ẹni tí wọ́n ti ń parọ́ fún láti àárọ̀ tí kò sì bínú ló ní. Ó fi nǹkan sí abíyá ọmọ, ó yẹ orúnkún wò, ó yẹ ìgúnpá wò, ó ka bí àyà ṣe ń lù. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

“Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ṣé ọ̀fun dùn ún?”

“Ó dùn ún,” Ìyá Lọ́yà wí. “Ọjọ́ mẹ́rin. Kò lè gbé itọ́ mì. A fún un ní omi iyọ̀ àti oyin, ó sì lọ.”

“Ọ̀fun ló lọ,” nọ́ọ̀sì wí. Ó ṣí ìwé ńlá kan. “Mi ò rí orúkọ ẹ̀ nínú àwọn tí a yẹ̀ wò nílé-ìwé. Ṣé wọn ò fún un ní fọ́ọ̀mù ni?”

Ìyá Lọ́yà kọ́wọ́ bọ àpò, ó di ìwé náà mú. Ó ń wo ilẹ̀. Onígbàjámọ̀ tí kò tíì pàdánù ìdáhùn rí láyé rẹ̀ ń wá ọ̀kan, kò rí i.

Lọ́yà la ojú lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Wọ́n fún mi,” ó wí, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. “Bàbá mi fọwọ́ sí i. Èmi ni mo sọ ọ́ nù lójú ọ̀nà.”

Ẹjọ́ tó burú jù lọ tó tíì rò nìyẹn, nítorí ìwé náà wà lápò ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Kó tó lè parí irọ́ náà, ó ní láti mí lẹ́ẹ̀mejì láàárín rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wò ó. Aṣọ ìfárí ṣì wà léjìká rẹ̀, ó fà á wálẹ̀, ó ká a, ó tún un ká.

“Kò sọ ọ́ nù,” ó wí. “Èmi ni. Mi ò fọwọ́ sí i, mo sì parọ́ pé mo fọwọ́ sí i.”

“Ó dáa bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́,” nọ́ọ̀sì wí, ó sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Kò bá a wí. Ọkùnrin náà ì bá fẹ́ kó bá a wí, nítorí ìbáwí ni ó mọ bí a ṣe ń dá lóhùn.

Dókítà wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò dọ́gba. Ẹni tó gé e ò mọṣẹ́, onígbàjámọ̀ rí i, kò sì rántí láti sọ ọ́. Dókítà fi nǹkan sétí, ó gbé orí nǹkan náà lé àyà Lọ́yà, ó ń gbọ́. Ó gbé e sí ibòmíràn, ó ń gbọ́. Ó ní kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Lọ́yà fi di etí bẹ́ẹ̀dì mú.

Nígbà tó parí, nọ́ọ̀sì ló jókòó láti sọ ọ́ fún wọn, torí ó mọ bí a ṣe ń sọ ọ́. Ó ní kòkòrò kan ló wọ ọ̀fun ọmọ náà. Ara dìde láti bá a jà, bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí jọ nǹkan kan nínú ara ọmọ fúnra rẹ̀, bíi kí olè wọ aṣọ onílé. Nígbà tí ara ò tún mọ ta ni ta ni mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu oríkèé, ó sì kọlu ọkàn. Oríkèé á sàn. Ìrora yẹn á kó lọ, kò ní fi àpá sílẹ̀. Ọkàn ló yàtọ̀. Ọkàn ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó ń ṣí tó ń tì, ọ̀kan nínú wọn kò sì tì dáadáa báyìí.

“Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run,” nọ́ọ̀sì wí. “Oúnjẹ là ń rò pé wọ́n ń bá wí. Kòkòrò yìí, ọ̀nà ọ̀fun ló gbà dé ọkàn.”

“Ṣé á tì padà?” Ìyá Lọ́yà béèrè.

“Ó lè tì padà. A tètè rí i. Á dúró lọ́dọ̀ wa ná, á sinmi, á gba oògùn. Ṣùgbọ́n ọ̀fun yẹn ò gbọdọ̀ tún rí irú kòkòrò yìí mọ́, torí bó bá tún padà wá, ilẹ̀kùn yẹn ló máa wó. Nítorí náà, á máa gba abẹ́rẹ́ kan ní oṣooṣù, títí tó máa fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Kò gbọdọ̀ pa ọ̀kan jẹ.”

“Ọdún méjìlá,” onígbàjámọ̀ wí.

“Mẹ́rìnlélógóje,” Lọ́yà wí láti orí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ṣì wà ní pípadé.

Wọ́n yíjú sí i.

“Abẹ́rẹ́ náà. Méjìlá lọ́nà méjìlá.”

Bàbá rẹ̀ tó ní ìṣirò ló ń sá fún jókòó, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó bi nọ́ọ̀sì pé: “Ká ní ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ọ̀fun ń dùn ún, mélòó ni ẹ ì bá fún un?”

Nọ́ọ̀sì ń di ìwé rẹ̀.

“Ẹyọ kan,” ó wí.

Ní yàrá kejì, ẹnìkan ń da omi sínú ike. Wọ́n gbọ́ ọ títí ike náà fi kún.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì béèrè ẹni mélòó ló ń sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ọmọ, àti fèrèsé mélòó ni yàrá náà ní. Ìyá Lọ́yà sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n wá ibòmíràn fún ṣòkòtò àwọn aláṣọ, kí wọ́n jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, torí láti ẹnu dé ẹnu ni kòkòrò yìí ti ń fò níbi tí ènìyàn bá ti fún mọ́ra. Ó ní òun fẹ́ yẹ ọ̀fun tiwọn náà wò.

“Ẹ la ẹnu, Bàbá Lọ́yà.”

Ẹnu tí kì í dé ní àárọ̀, tí kì í dé ní ọ̀sán, kò fẹ́ ṣí. Nọ́ọ̀sì ní kó là á sí i. Ìyàwó rẹ̀ ní, “Ẹ ṣe bíi pé ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù.” Ẹnu náà sì ṣí.

“Àwọn ọmọ tó wà ládùúgbò yín ńkọ́?” nọ́ọ̀sì béèrè bó ti ń tan iná sí i lọ́fun. “Ní òpópónà yín nìkan, ọmọ méje yàtọ̀ sí Lọ́yà ni fọ́ọ̀mù wọn ò padà. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn òpópónà yòókù ò rí bẹ́ẹ̀.”

Òwú wà lẹ́nu onígbàjámọ̀, kò lè fọhùn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yọ ọ́, ó ní: “Ẹ fún mi ní fọ́ọ̀mù méje.”

*

Oníbàtà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fi fìlà bo orí àbọ̀ rẹ̀, ó ń rán bàtà kan lórí àga onígbàjámọ̀, torí kò fẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀ rí i. Onígbàjámọ̀ ṣí fìlà náà, ó tan kílípà, ó fá èyí tó kù láìsọ̀rọ̀ kan. Ọjọ́ náà ni oníbàtà tó mọ bí kílípà yẹn ṣe ń dún.

“Ó dé ọkàn?” oníbàtà béèrè.

“Ó dé ọkàn.”

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ. Wọ́n á gbọ́ tèmi, ọmọ tèmi gbà á.”

“Rárá. Ẹyin lohùn. Èmi ni mo jẹ́ kó bọ́.”

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ lọ. Obìnrin náà fọwọ́ sí méjì, Táíwò kan, Kẹ́hìndé kan, kò sì bi í ní ìbéèrè kankan. Ó kàn ní kó dúró kí ọkọ òun jáde, kí onígbàjámọ̀ tún un sọ létí rẹ̀ pé òun ṣìnà, torí ọkọ òun ti fi ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀ bá òun jà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó tún un sọ. Ilé tó tẹ̀ lé e, ó tún un sọ. Ní ilé kẹta, ìyá àgbà kan ò gbọ́ran dáadáa, ó ní kó sọ ọ́ sókè, gbogbo àgbàlá sì jàǹfààní ẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, ó ti gba ìfọwọ́sí mẹ́fà.

Fọ́ọ̀mù keje ni ti káfíńtà, tí ó bí ọmọbìnrin kan. Ó ń fi ìfági fá pákó ní iwájú ilé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò dá iṣẹ́ dúró. Nígbà tí onígbàjámọ̀ parí, ó fẹ́ ìyẹ̀fun igi kúrò lórí pákó.

“Mo bá yín kẹ́dùn ọmọ,” ó wí. “Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ohun tó bá ti jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ bi í léèrè ẹni tó san án.”

Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó tilẹ̀ sọ ọ́ ju bí onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ lọ, ó dúró díẹ̀ níbi tó yẹ kí ènìyàn dúró. Onígbàjámọ̀ yí gbólóhùn náà po lọ́kàn, ó ń wá ibi tí yóò gbà wọ̀ ọ́. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kan gbólóhùn náà pọ̀, kò fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ sí i.

“Ní tèmi,” ó wí, “ọmọ mi ló ń san án.”

Ìfági dúró. Káfíńtà ń wo pákó. Nínú ilé, ọmọbìnrin rẹ̀ ń ka ìwé sókè, ó ń ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, ó ń padà sórí rẹ̀.

“Mi ò lè fọwọ́ sí i lónìí,” káfíńtà wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá pákó padà, ṣùgbọ́n kò fá a bíi ti tẹ́lẹ̀.

Onígbàjámọ̀ fi fọ́ọ̀mù náà sórí pákó, ó fi ìṣó kan lé e kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ.

*

Ní ilé-ìwòsàn, Lọ́yà ti sùn. Èémí rẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí. Ìyá Lọ́yà jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, búrẹ́dì àti ẹyin sísè tí Ìyá Àgbà fi ránṣẹ́ wà lórí itan rẹ̀, kò tíì tú u. Ọkọ rẹ̀ dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ìpín rẹ̀.

“Mélòó?” ìyàwó rẹ̀ bi í.

“Mẹ́fà.”

“Èkeje ńkọ́?”

“Káfíńtà. Mò ń padà lọ lọ́la.”

“Òun ló ní kí ẹ padà wá?”

“Kò ní kí n padà wá.”

Ìyá Lọ́yà tú búrẹ́dì náà. Ó bó ẹyin kan, ó yọ gbogbo èèpo rẹ̀ sínú ọ̀rá, kò jẹ́ kí ọ̀kan bọ́ sílẹ̀. Ó pín in sí méjì. Ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, àyè tó ṣẹ́ kù náà ò pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà ju èèyàn kúkúrú kan lọ.

“Ẹ jókòó,” ó wí. “Mi ò tíì dárí jì yín o. Ẹ kàn jókòó ná.”

Ó jókòó.